Ìkànnì Oníṣẹ́ Bi Mí Pé Ṣé Mo Mọ Ẹlẹ́rìn-ín

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ilé, ṣé kò sí o? Àlàáfíà la wà, bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́. Olúwa á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí o, torí inú mi dùn débi pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.

Ìkànnì àwọn oníṣẹ́ tí o ṣí fún mi sórí fóònù, tí o ní ibẹ̀ làwọn èèyàn á ti máa rí mi gbé aṣọ fún, wọn ò fi mọ sórí iṣẹ́ mọ́ o. Nígbà tí o ṣí i, iṣẹ́ ẹni àti ọdún téèyàn ti ń ṣe é ni wọ́n ń béèrè. Ní báyìí wọ́n ń kíra wọn kú ọjọ́ ìbí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi àwòrán ọkàn ránṣẹ́, wọ́n ń gbóhùn síra wọn. Apòògùn kan tí mi ò rí rí jẹ́rìí síbẹ̀ pé mo mọ aṣọ rán. Mo kọ̀wé sí wọn pé ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n èwo nínú aṣọ mi lẹ wọ̀? Wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, fóònù gbé àwòrán obìnrin kan jáde, ó ní ṣé mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi, Ẹlẹ́rìn-ín ni! Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti jọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Mi ò sọ èyí fún ọ rí: èmi ni mo gé aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan kúrú, Ẹlẹ́rìn-ín ní òun ni, ọ̀gá sì lé e lọ. Mo dákẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé.

Wọ́n ti bi mí, mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Mo rí ibi tí wọ́n ti ní kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa, èmi ni mo gé aṣọ yẹn, kó jọ̀ọ́ foríjì mí. Mo rò pé fóònù nìkan ló máa kà á. Àṣé gbogbo ayé ni! Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló fi àwòrán ọkàn sí i. Ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ náà pàtẹ́wọ́, mo sì kí wọn pé ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi.

Ẹlẹ́rìn-ín gbóhùn ránṣẹ́, ẹ̀rín ọjọ́sí náà ni! Ó ní ta ló sọ fún mi pé nítorí tèmi nìkan lòun ṣe gba ẹ̀bi ọ̀hún, ṣebí iṣẹ́ aṣọ ti sú òun tipẹ́, òun ń wá ọ̀nà àtilọ ni. Búrẹ́dì ló ń ṣe báyìí, ní ilé iṣẹ́ tara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, bàbá rẹ rò pé èèyàn kú ni.

Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé. Jọ̀ọ́, fowó ọkọ̀ àti ti dátà ránṣẹ́. Ọlọ́run á fún ọ ní ọ̀rẹ́ tó lè dúró sípò rẹ lọ́jọ́ tí ojú bá ń tì ọ́, ẹnu rẹ kò sì ní wúwo bíi tèmi láti dúpẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ