Aránṣọ Tó Já Wa Kulẹ̀

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ,
                                        Abẹ́ Àtẹ̀gùn, Ojúlé Kẹrìnlá.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹjọ.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú lẹ́tà yìí o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ní kí n dìde. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún yín ọ̀tún tó máa ń dà yín láàmú ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà bí ẹni pé rédíò ń gbọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé gbogbo wọn le? Ara tiwa náà le, ọpẹ́ ni. Ìyàwó mi ní kí n kí yín dáadáa, ó sì ní kí n má wulẹ̀ fi nǹkan kan pamọ́ fún yín.

Ẹ ó ti máa rò ó pé kí ló dé tí èmi tí n kò kọ̀wé láti ọdún mẹ́ta fi rántí yín lójijì. Ojú ló ń tì mí, Àǹtí mi. Ojú ń tì mí débi pé mo ti fa ìwé mẹ́ta ya kí n tó kọ eléyìí. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ wá kẹ́yìn, tí ẹ jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí n kò rójú bá yín sọ gbólóhùn mẹ́ta? Ẹ ní, "Àbúrò mi, iṣẹ́ kì í tán o, ẹni tó ń ṣe é ló ń tán." Mo sì dá yín lóhùn pé ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́ ló ń ráyè sinmi. Èmi náà ni mo la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ẹ̀yin tí ẹ ra ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́ fún mi. Ẹ kàn mú báàgì yín, ẹ lọ. Ẹyin lohùn lóòótọ́.

Ẹ mọ̀ pé Ógúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, torí pé aṣọ tí mo bá rán máa ń gún régé lára ẹni tó ni ín. Orúkọ yẹn ti kó sí mi lórí. Ohun tí mo fi ń yangàn ni pé n kì í wọn ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá ti wọ̀n ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, o ti wọ inú ìwé mi nìyẹn, o kàn máa kó aṣọ wá ni. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí àgbàlagbà ni wọ́n, àgbàlagbà kì í sì í ga sí i. N kò rò ó rárá pé ẹnì kan wà nínú ìwé yẹn tó ṣì ń dàgbà, inú ilé mi ló sì ń sùn.

Tíńtín, ọmọ yín tí ẹ̀yin fúnra yín sọ lórúkọ yẹn, òun ni wọ́n yàn pé kó sọ̀rọ̀ ìdágbére lórúkọ gbogbo kíláàsì wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń jáde ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní gáùn búlúù lòun fẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá òun ni kó ti wá. Inú mi dùn. Ó dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì kí n wọn òun. Mo ní kó máa lọ sílé, pé ìwọ̀n rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kẹta, mo ní, "Àbí o rò pé n kò mọ ọmọ mi ni?" Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó wò mí díẹ̀, ó sì yí padà. N kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo gbé gáùn délé. Àǹtí mi, aṣọ náà dára! Ìyàwó mi gbé e wọ ọmọ lọ́rùn, ó há sí èjìká. A fà á títí, sípù ò gòkè. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó yẹ kó bo orúnkún, agbedeméjì itan ló dúró sí. Ìwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo rán fún ọmọ ọdún méjìlá. Kàkà kí n bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn: "Ta ló ní kí o máa ga báyìí láìsọ fún èèyàn?" Ìyàwó mi wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Ọmọ náà ló dáhùn, ohùn rẹ̀ kéré: "Ẹ má bínú, Dádì." Ó bẹ̀ mí, Àǹtí mi. Ọmọ bẹ̀ mí nítorí pé ó dàgbà.

Yúnífọ́ọ̀mù ló wọ̀ lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ tuntun, òun nìkan ló wà nínú yúnífọ́ọ̀mù. Ìyá Oníkẹ́mísì, oníbàárà mi tó ní ilé oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló jókòó tì mí, gáùn tí mo rán fún un sì gún régé lára rẹ̀. Ó tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Ógúnrégé, kí ló ṣe aṣọ ọmọ yìí?" Kí ni ẹ rò pé mo sọ? Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, pé aránṣọ kan tí mo gbé e fún ló já wa kulẹ̀. Ìyá Oníkẹ́mísì bú aránṣọ náà dáadáa. Ó ní aláìnítìjú ni, ó ní kò lọ́mọ nílé ni? Mo ń mi orí, mo ń wí pé, "Ẹ ṣáà máa wò ó." Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, Tíńtín ló dúró síbẹ̀, ó fẹ́ gba ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gun orí pèpéle, ó sọ̀rọ̀ geerege, nígbà tó sì parí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kára. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ ìbàdí Ìyá Oníkẹ́mísì, mo mọ ọrùn awakọ̀ tó ń gbé òkè wa, mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú èjìká ọ̀gá ilé-ìwé ga ju èkejì lọ. N kò mọ̀ pé ọmọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìyá rẹ̀. Kí n tó jáde níbẹ̀, mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé aago márùn-ún ni mò ń tì, pé kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mo tún yà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Oníkẹ́mísì, mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò gba èébú òun padà o, kí n máa mú un lọ.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo tètè délé, n kò mọ ohun tí mo lè fọwọ́ mi ṣe. Mo jókòó, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa fọ́nrán òwú lára àga. Ìyàwó mi ní, "Ẹ káàbọ̀ o, àlejò, ta lẹ ń wá?" Ẹ̀rín ló ń rín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo wá ń bá Tíńtín nu abọ́ tó bá fọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní ẹyẹ kan ti yé ẹyin sí etí fèrèsé òun, òun ti ń ṣọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ méjì. A jọ lọ wò ó. A kàn dúró síbẹ̀, a ń mí jẹ́jẹ́ kí ẹyẹ má bàa fò. Ẹ gbà mí gbọ́, láti gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń yìn mí, ara mi ò tíì balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé èmi ni aránṣọ aláìnítìjú ọjọ́sí. Ó ní, "Mo kúkú mọ̀, Dádì." Mo ní kó jẹ́ kí n wọn òun. Ó ní òun fẹ́ kàwé, kó di Sátidé. Mo dúró de Sátidé bí oníbàárà. Ó tọ́ sí mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Tíńtín ń kí yín, ó ń béèrè bóyá orúkọ yẹn ṣì yẹ òun. Mo ti gbé àpótí yẹn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, àga tó ní ẹ̀yìn ló wà níbẹ̀ báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó lé e. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí fún ọ̀rọ̀ burúkú tí mo sọ sí yín, kí ẹ wá jókòó.

Ẹ ó rí aṣọ búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú àpò ìwé yìí. Gáùn yẹn ni mo tú, mo gé e, mo so ó pọ̀, Tíńtín ló sì di orí kejì mú lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀, kí ẹ fà á gòkè lára yín. Ibi tó bá dé, ibẹ̀ ni ọmọ yín dé. Ó lè yà yín lẹ́nu. Ó ya èmi tí mo ń bá a gbélé lẹ́nu.

                                        Àbúrò yín ni mo ṣì jẹ́, bí ẹ bá ṣì gbà mí,
                                        Bàbá Tíńtín.