Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ìyá Rẹ

Atíkorí,
Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ọmọ́títí, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o sì ń jẹun lásìkò? Ẹlẹ́dàá tó gbé ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá ṣú. Hannah, àbúrò ìyá rẹ, ti Ibiadé wá, ó gbé ẹja gbígbẹ dání, mo pa tìrẹ mọ́, àmọ́ ológbò ti mọ ibi tí mo fi sí.

Ọ̀rọ̀ ímeèlì tí o torí rẹ̀ bínú sí mi ni mo fi ń kọ̀wé. Ìwọ lo ní kí n ṣọ́ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ dáadáa, torí pé láti ìgbà tí wọ́n ti jí fóònù rẹ, inú ímeèlì mi nìkan ni fọ́tò ìyá rẹ kù sí, èyí tó ti dé fìlà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ ní Àgọ́-Ìwòyè, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló gboyè. Mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́ síta. Ohun tó ṣe pàtàkì tó yẹn, ta ni ǹ bá fà á lé lọ́wọ́ bí kò ṣe Ọlọ́run? Mo bá kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ̀ pé Wòlíì Gabriel máa kà á sókè. Ó ní kí ìjọ dìde, kí wọ́n gbàdúrà kí ọ̀tá má lè mọ páswọ́ọ̀dù Bàbá Ọmọ́títí, èyí tí í ṣe Àbẹ̀bí 1986. Àmín tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkùnrin kan pè mí, ó ní iléeṣẹ́ ímeèlì lòun ti ń pè, kí n ka nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù mi fún òun. Mo ní kó fara balẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ láti ọdún tó kọjá ni mo kọ sẹ́yìn ìwé orin mi, mo ti há mọ́kànlá sórí, mo bá bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́. Nígbà tí mo fi ka ìkẹsàn-án, ó ti bínú pa fóònù. Ìgbà tí mo sọ fún ọ lo tó ní olè ni, pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ń lò láyé. Mọ́kànlá tí mo há ńkọ́?

O ní kí n pààrọ̀ Àbẹ̀bí. Ọmọ mi, mo sunkún. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, kò sẹ́ni tó ń pe oríkì rẹ̀ yẹn mọ́ nínú ilé yìí àfi èmi, ìgbà tí mo bá sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ni mo máa ń pè é.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní kó gùn, kó má jẹ́ ohun tí ará ìta mọ̀, kí n má fi ẹyọ kan ṣí ilẹ̀kùn méjì, ẹ̀rín pa mí. Ṣebí bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe kọ́kọ́rọ́ nìyẹn! Tó bá ń lọ tajà l'Ókè-Àgbò, tìta á wà lábẹ́ ìkòkò omi, ti yàrá á wà nínú bàtà mi tó gbó, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti mọ ibì kan, ó pààrọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Ti àpótí rẹ̀ nìkan lẹ ò rí rárá. Gbénró ẹ̀gbọ́n rẹ tú orí àjà, ìwọ tú àpò àgbàdo, torí mílíkì alágolo tó ń tì mọ́ inú rẹ̀. Èmi nìkan ló fi hàn, ó ní tí mo bá sọ fún ọmọ kankan, Ibiadé lòun ń lọ. Ọgbọ̀n ọdún, mi ò sọ.

Ibẹ̀ ni mo wá fi ṣe páswọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ tó fi hàn mí, odidi gbólóhùn. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Wòlíì bi mí, mo ní kó kàn máa gbàdúrà lọ.

Jọ̀ọ́, fi owó dátà ránṣẹ́ kí n lè máa rí fọ́tò náà wò, kí o fi ti òróró orúnkún kún un.

O ní kí n sọ páswọ́ọ̀dù fún ọ kí ọjọ́ mi tó pé. Mi ò ní sọ, ìwọ lo ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí a ti sin ìyá rẹ, o ò tíì wálé. Wálé, kí o wá kọ́kọ́rọ́ àpótí bí o ṣe ń wá a nígbà èwe. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà níbi tó fi í sí. Mi ò tíì ṣí àpótí náà, ìwọ ni mò ń dúró dè.

Ẹni tó mú ọ lọ á mú ọ bọ̀, o ò ní bá òfo nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zechariah.