Wọn Ò Rí Ẹjọ́ Kankan Lọ́rùn Onísùúrù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọmọ wa. Mo mọ̀ pé ẹ wà láàyè, nítorí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá. Ohun tí mo ń béèrè ni bóyá ẹ wà ní àlàáfíà, ìyẹn sì yàtọ̀. Ṣé iṣẹ́ ilé ìwòsàn kò tíì gba gbogbo okun ara rẹ? Ṣé ikọ́ ọmọ wa ti lọ? Ara tèmi le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò. Kí Ọba òkè má jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí kò dára nípa ara wa.

Á yà ọ́ lẹ́nu pé mo mú bírò nígbà tí fóònù wà. Á tún yà ọ́ lẹ́nu pé ibi iṣẹ́ rẹ ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, tí mo sì bẹ nọ́ọ̀sì àgbà pé kó fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Jọ̀wọ́, kà á tán níbẹ̀. Má mú un délé. Ìdí rẹ̀ á yé ọ tí o bá dé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ àlejò ọjọ́ Àìkú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí o rán mi. O ní kí ọkùnrin tí ò ń pè ní Onísùúrù tó kó ẹrù wá sílé rẹ ní ìparí oṣù yìí, kí n bá ọ wádìí ní ìlú ńlá tí mo wà yìí, níbi tí òun náà ti gbé rí, bóyá ó ti ṣẹ̀ sófin rí. O ń rẹ́rìn-ín bí o ti ń sọ ọ́. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn bá mi wò ó, kí ọkàn tiyín lè balẹ̀." Ọkàn tìrẹ lò ń wá ìbàlẹ̀ fún, mo mọ̀. Opó tó ti ń dá ọmọ tọ́ bọ̀ láti ọjọ́ yìí kì í béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n kó orúkọ àwọn ọ̀daràn pamọ́ sí bí ẹni kó aṣọ sínú àpótí, pé èèyàn á kàn béèrè, wọ́n á sì yọ ọ́ fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ fún mi pé ẹni tó ni orúkọ nìkan ló lè wá gba ìwé ẹ̀rí ìwà tirẹ̀, wọ́n á sì gba àmì gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn kò lè gbà á àfi tí olúwa rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Bàbá kan wà lẹ́yìn mi tó fẹ́ gba tirẹ̀ kó lè ríṣẹ́ ọdẹ ṣe. Ó ń kùn pé, "Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mi ò jalè rí. Ta ló máa ń tọ́jú ẹ̀rí ohun tí kò ṣe?" Ọlọ́pàá náà ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ka, ẹ jẹ́ ká gbádùn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá yẹn bá mi délé.

Ọlọ́pàá yìí náà ló júwe kóòtù fún mi. Ó ní ẹjọ́ tí wọ́n bá ti pè ní gbangba, gbogbo ayé ló ni ín. Ẹnikẹ́ni lè lọ béèrè ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì. Ọ́fíìsì náà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí, yàrá gígùn kan tí fèrèsé rẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ, tó ń rùn bí ìwé tí òjò ti pa rí. Obìnrin àgbàlagbà kan ló jókòó síbẹ̀, ó fi okùn so gíláàsì mọ́ ọrùn. Ìyá Fáìlì ni àwọn lọ́yà ń pè é, ó sì ń jẹ́ wọn.

Ó gba orúkọ tí o kọ ránṣẹ́ àti ọjọ́ ìbí, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Orúkọ tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyí. Èwo ni ìyá rẹ̀ ń pè é? Èwo ni bàbá rẹ̀ àgbà sọ ọ́? Èèyàn wa kì í jẹ́ orúkọ kan, ẹ̀rọ ò sì mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Ohun tí ẹ bá bi í náà ló máa dá yín lóhùn." Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn tí mo ń tọ pinpin orúkọ rẹ̀, tí o sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé oríkì lẹ fẹ́ kì í ni?" Bí o ti sọ ìyẹn tán ni ohùn rẹ rẹlẹ̀ lójijì, o ní o máa pè mí padà. Mi ò bi ọ́ pé ta ló wọlé.

Mo padà lọ pẹ̀lú gbogbo orúkọ rẹ̀. Ìyá Fáìlì kọ́kọ́ wò wọ́n nínú kọ̀ǹpútà, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ wo fáìlì àtijọ́, ti kóòtù kékeré àti ti ilé ẹjọ́ gíga. Ó là á fún mi pé ẹjọ́ ìlú yìí nìkan ló wà lọ́wọ́ àwọn. Ìlú yòówù kó tún ti gbé, ibẹ̀ la ó ti béèrè tibẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní, "Kò sí nǹkan kan." Ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé pé wọn ò rí ẹjọ́ kankan lọ́rùn rẹ̀.

Inú mi ì bá dùn, ṣùgbọ́n kò tíì fún mi ní ìwé náà. Ó di etí ìwé náà mú, ó ní, "Ọmọ yín ló fẹ́ ẹ fẹ́ ni, àbí àbúrò?" Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. Ó yọ gíláàsì rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ wá béèrè ọkùnrin yìí. Obìnrin ló máa ń wá. Orúkọ tí wọ́n ń mú wá kì í jọra, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí kan náà ni." Ó ní ọ̀kan nínú wọn gba ìwé bí irú èyí, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Nígbà tó tún padà wá, ó ti fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn. Ó béèrè bí èèyàn ṣe ń pẹjọ́. Wọ́n ṣàlàyé fún un, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi wá mú un lọ. Bàbá náà ní àwọn á parí ẹ̀ nílé, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìyá Fáìlì wá na ìwé náà sí mi. "Màmá, òwe yẹn ló jẹ́ kí fáìlì mi fúyẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ òwe yìí wò síwá sẹ́yìn. Ta ló kọ́kọ́ pa á, ẹni tí wọ́n lù ni àbí ẹni tó lù ú? O kéré nígbà tí àbúrò bàbá wa obìnrin sá wá sílé tòun ti ojú wíwú, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé omi fún un. Àwọn àgbà jókòó sí pálọ̀, wọ́n bá ọkọ rẹ̀ wí, ọkọ dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì jọ mu omi. Bí o bá lọ wá orúkọ ọkọ yẹn ní kóòtù lónìí, mímọ́ ló máa mọ́. O sì mọ ibi tí a sin àbúrò bàbá wa sí.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ fi ìwàǹwára dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo bi ara mi pé ṣé ẹni tí wọ́n ń béèrè rẹ̀ ti di ọ̀daràn nìyẹn. Apá obìnrin yẹn sì lè kán níbi tó ti ṣubú. Onírúurú ìwé ni mo ti kà tí wọ́n ti fi ẹnu lásán ba ayé ọmọlúàbí jẹ́. Mo pinnu pé màá sọ méjèèjì fún ọ, ohun tí ìwé sọ àti ohun tí ìyá náà sọ, kí o fúnra rẹ wò ó. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí ó fi di ọjọ́ Àìkú.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Onísùúrù rẹ ni, òun àti àpò ọsàn kan. Mi ò júwe ilé mi fún un rí. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ tutù bí o ti sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, mo gbọ́ pé ẹ ti ń ṣe wàhálà kiri nítorí mi. Ẹ ò bá ti bi mí." Ó wá ti àpò àyà yọ ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá tirẹ̀, ó fi ìka kan tì í dé iwájú mi lórí tábìlì. Wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó. Mímọ́ ni. Ṣùgbọ́n igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbó, ọ̀rá náà ti ṣí létí, bí ohun tí wọ́n ń mú jáde tí wọ́n ń dá padà lójoojúmọ́. Àbúrò mi, èmi àti ìwọ ti dàgbà láyé yìí. Ọkùnrin wo la mọ̀ tó ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí àyà lọ kí àna?

Kò pẹ́. Ó wo ara ògiri, ó béèrè ta ni a jọ ń gbé. Mo ní èmi nìkan ni. Ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi kò le tó. Nígbà tó ń wọ bàtà, ó ní, "Àwọn tó béèrè ṣáájú yín náà, ọkàn wọn balẹ̀ nígbà tí wọ́n rí ìwé yẹn." Mi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ohun tó dùn mí ni pé àbúrò yín kò sọ fún mi kó tó rán yín. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ máa sọ ọ́ nílé."

Yàtọ̀ sí ọlọ́pàá àti Ìyá Fáìlì, tí wọn ò mọ ilé mi, ìwọ nìkan ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, orí fóònù sì ni. Ṣé ìwọ lo sọ fún un, àbí ó ń yẹ fóònù rẹ wò? Bó bá jẹ́ ìwọ, mi ò bínú. Bí kì í bá ṣe ìwọ, o ti mọ ìdí tí mo fi mú bírò.

Má jẹ́ kó kó ẹrù wá. Má bá a jiyàn, má sì fi lẹ́tà yìí hàn án. Sọ pé orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ ti burú, pé o fẹ́ wá tọ́jú rẹ̀. Irọ́ náà kò tóbi. Mú ọmọ wa dání. Mo ti gbá yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Bó bá di pé àwọn ẹbí fẹ́ pè wá jókòó sí pálọ̀ nítorí rẹ̀, èmi ni màá dá wọn lóhùn.

Kí Olúwa fi ìṣọ́ rẹ̀ yí ilé rẹ ká. Àtijáde àtiwọlé rẹ, kò ní já sọ́wọ́ ìkà. Ọmọ wa á dàgbà lójú rẹ, ìwọ náà á sì dàgbà lójú mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ rìn.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó tún ya á. Obìnrin tó gbé apá kọ́ ọrùn ti pè mí. Ìyá Fáìlì kò fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, àmọ́ ó fi tèmi ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun kò ṣubú. Ó ní bí a bá ń lọ sí kóòtù, òun á bá wa lọ, òun á sọ tòun kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní kí n bẹ̀ ọ́, kí o lọ wo irin tí ẹ fi ń ti ilẹ̀kùn yàrá láti inú, tìrẹ àti ti ọmọ. Ó ní ìjà kọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Á kàn ní irin náà ti dógùn-ún, á tú u, á ní òun ń bọ̀ wá ra tuntun. Mo bi í pé tó bá ti tú u ńkọ́. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé kó má dúró di ọjọ́ tó máa kó ẹrù dé." Bí irin náà kò bá sí níbẹ̀ mọ́, gbé ọmọ wa, kí o máa bọ̀.