Sí Bàbá Mi, Tó Ń Fi Ẹran Ìka Ta Gìtá

Papa mi,

Yorùbá ni mo fi kọ ìwé yìí sí yín. Ẹ máa rí àṣìṣe nínú rẹ̀. Faransé ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá fi Faransé sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, á dà bí ìgbà tí mò ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan. Ọdún kẹrin rèé tí ẹ ti lọ. Màmá wà lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Sibang. Orúnkún máa ń dùn ún tí òjò bá ti ṣú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dáná fúnra rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n sún mọ́ ìkòkò òun. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní gìtá nílé ìwé. Èyí ni ìròyìn tó rọrùn. Ti ìyókù ni mi ò mọ ibi tí mo ti máa mú un.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, onígìtá kan wá láti òkè òkun. Ọjọ́ méjì ló fi kọ́ àwa olùkọ́ orin nínú gbọ̀ngàn kan létí òkun. Wọ́n ní ó fẹ́ fi hàn wá bí àwọn òyìnbó ṣe ń ta gìtá ní bí igba ọdún sẹ́yìn, nígbà tí gìtá ṣì kéré, tó jẹ́ pé ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe okùn rẹ̀. Tìtorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni mo ṣe lọ. Mo jókòó síwájú, mo gbé ìwé lé itan láti kọ nǹkan sílẹ̀.

Mi ò kọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà jókòó, mo sì wo ọwọ́ rẹ̀. Kò ní èékánná, Papa. Ó gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi tiyín. Ó fi ọmọńdinrín ti ojú gìtá, ó fi í síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi igi gbé ògiri ró. Nígbà tó fẹ́ ta kọ́ọ̀dù, kò fa okùn rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń tú u sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí èèyàn ṣe ń tú aṣọ tí wọ́n ká. Àtàǹpàkò á kọ́kọ́ dún, ohùn orin á wá pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé e. Tó bá fẹ́ kúrò lórí ohùn kan bọ́ sórí òmíràn, kò fò ó. Ìka òsì rẹ̀ á yọ̀ lórí okùn, etí á gbọ́ ọ̀nà tó gbà lọ. Níbì kan ó sáré, níbì kan ó fà á, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń rántí nǹkan.

Mo mọ ọwọ́ yẹn. Mo ti rí i láti kékeré.

Ó dáwọ́ dúró, ó ní, “Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pe gbogbo èyí ní àṣìṣe. Inú ìwé àtijọ́ ni àwa ti ń ṣa á jọ. Kò sí ẹnì kankan mọ́ tó gbà á láti ọwọ́ ẹni tó gbà á láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Okùn yẹn ti já.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo nawọ́ sókè. “Báyìí gan-an ni bàbá mi ṣe ń ta á,” ni mo wí. “Káfíńtà ni. Ní àdúgbò Venez-Voir.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀, ó wá síwájú mi.

“Ṣé wọ́n wà láyé?”

“Wọn ò sí mọ́.”

“Ṣé ẹ gba ohùn gìtá wọn sílẹ̀ níbì kan? Nínú kásẹ́ẹ̀tì, nínú fóònù, níbikíbi?”

Mo wo ilẹ̀. Ó ní kí n sọ ìtàn yín fún òun lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi. Bí ẹ ṣe ti Kétu wá sí Gabon, tòun ti àpótí irinṣẹ́ kan péré. Bí ìyá arúgbó òyìnbó kan ní àdúgbò Batterie IV ṣe pè yín kí ẹ wá tún àga rẹ̀ ṣe, tí ẹ rí gìtá kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti sán, tí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ gbé e lọ tún ṣe. Nígbà tí ẹ gbé e padà, ìyá náà fi ta orin kan fún yín ní ìdúró, ẹ sì gbàgbé pé wọ́n ń retí yín níbi iṣẹ́ mìíràn. Ọdún mẹ́fà gbáko lẹ fi lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ló kọ́ ọ, ẹnì kan ló kọ́ ìyá àgbà yẹn, ẹnì kan sì kọ́ ẹni yẹn náà. Nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fi gìtá náà sílẹ̀ fún yín. Àlejò náà ń gbọ́, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo rí i pé omi dé ojú rẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ rántí ọ̀sán Sunday wa ní Venez-Voir? Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a jẹun tán, ẹ máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi atanga, ẹ máa fi àdín ra orí ìka yín. Ọwọ́ káfíńtà yi, ẹ ní okùn kì í fẹ́ ohun tó yi. Ẹ máa ra á, ẹ máa fi ìka kan àgbọ̀n mi láti mọ̀ bóyá ó ti rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa ta orin yẹn, èyí tí ìyá arúgbó kò sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, tí ẹ̀yin náà kò sọ ní orúkọ kankan. Mo ní kí ẹ máa ta á kó bá àtẹ́wọ́ mi mu. Ẹ ní, “Ọmọ mi, orin yìí ń mí. O lè pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń mí?”

Nígbà tó yá, mo wọ ilé ẹ̀kọ́ orin. Olùkọ́ mi níbẹ̀ ní kí n dá èékánná sí, kí n gbé ọwọ́ kúrò lójú gìtá, kí n má ṣe fa ohùn kankan. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan síwájú mi tó ń lù kó, kó, kó, mo sì ń bá a rìn. Mo mọ̀ ọ́n ta. Ní ìparí ọdún kejì, a ṣeré fún àwọn òbí. Ẹ wọ kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ yín, ẹ jókòó sí ìlà kẹta. Nígbà tí a parí, olùkọ́ mi gbọ́ pé ẹ̀yin náà ń ta gìtá, ó gbé tirẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ẹ kò ní àdín lọ́wọ́. Ẹ kàn fi àwọn ìka yín ra ara wọn, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ orin yẹn.

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo rò pé ẹ̀gàn ni wọ́n fi dákẹ́. Olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́ bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. Ojú tì mí, Papa. Ẹ kò tíì dé ìdajì rẹ̀ tí mo fi bọ́ síwájú yín lójú gbogbo wọn.

“Papa, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ ṣe ń ta á yẹn kò dáa. Ẹnikẹ́ni kì í ta á báyẹn mọ́.”

Ẹ gbójú sókè wò mí. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dá gìtá padà fún olùkọ́ mi, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú taksí tí a wọ̀ lọ sílé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ bá mi sọ: “Ṣé ebi ń pa ọ́?” Mo ní rárá.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn. Ẹ gbé ọdún méjìlá sí i láyé, n kò sì tún rí i kí ẹ fọwọ́ kan gìtá lójú mi mọ́. Màmá sọ fún mi pé ẹ ń ta á tí mo bá ti jáde. Tí ẹ bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ló dé tí ẹ kò bá mi jà? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé ìmọ̀ ni, pé kì í ṣe pé ẹ kò mọ̀ ọ́n ta? Àbí èmi náà ti jẹ́ kí ẹ gbà pé ẹ kò mọ̀ ọ́n ta?

Nígbà tí ikọ́ tó mú yín lọ dé, mo ń gbèrò láti tọrọ àforíjì. Mo sọ fún ara mi pé kí ara yín kọ́kọ́ yá ná.

Àlejò náà bẹ̀ mí pé ohun yòówù tí mo bá lè rántí, kí n ta á, kí n gbà á sílẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Ó ní ìṣẹ́jú kan péré á tó. Bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà, mo gbé gìtá yín sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo gbé e sí láti ìgbà ìsìnkú. Ẹ dárí jì mí. Òjò ọdún mẹ́rin ti ṣe é. Àtè ti tú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ikán ti wọ inú rẹ̀, okùn ti jẹrà. Mo gbé e lọ bá Bàbá Pọ̀bẹ̀, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń ṣe káfíńtà. Ó fi ìka kàn án níbi mẹ́ta, ó sì fi aṣọ rẹ̀ bò ó.

“Ọmọ mi,” ó ní, “pákó yìí ti di ìyẹ̀fun. Bàbá rẹ ì bá tún un ṣe. Èmi ò lè ṣe é.”

Mo wá ohùn yín káàkiri. Ẹ̀gbọ́n kan ní fídíò ìsọmọlórúkọ kan nínú fóònù rẹ̀, tí wọ́n ti yà kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ orin. Ẹ wà níbẹ̀ ní igun kan, gìtá lórí itan, mo rí ọwọ́ yín tó ń lọ. Jẹnẹrétọ̀ ló bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Èyí tó sì ga jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rín tèmi.

Mo ra okùn tó rọ̀ sára gìtá tèmi. Mo gé èékánná mi, mo fi àdín ra ìka. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ta orin yẹn lójoojúmọ́ tí mo bá ti iṣẹ́ dé. Ọmọńdinrín mi kọ́ bó ṣe máa dúró. Ìka òsì mi kọ́ bó ṣe máa yọ̀. Mo rántí gbogbo ohùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ ti máa ń dúró, lẹ́yìn ohùn tó ga jù, mo mọ̀ pé ẹ máa ń dúró, mi ò mọ bí ẹ ṣe ń pẹ́ tó. Tí mo bá dúró díẹ̀, ó dà bí ẹni tó kọsẹ̀. Tí mo bá pẹ́, ó dà bí ẹni tó gbàgbé. Mo ka ìwé tí àlejò náà fi ránṣẹ́ sí mi. Ìwé kò lè sọ ìyẹn.

Síbẹ̀, ní Sunday tó kọjá, mo rò pé mo ti sún mọ́ ọn. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo gbà á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí mo parí, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti dúró nínú àwo.

“Ṣé ẹ gbọ́ ọ, Màmá? Ti Papa ni.”

“Mo gbọ́.”

“Ṣé ó jọ ọ́?”

Ó ń wo ẹ̀wà. “Ó jọ ọ́,” ó ní. “Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀, tí mo bá fẹ́ gbọ́ ti bàbá rẹ nínú orí mi, tìẹ ló ń dún. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ. Mo máa ń jókòó báyìí, màá sì gbọ́ ọ. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má ta á mọ́. Díẹ̀ tó kù sí mi létí, o ti ń pa á rẹ́.”

“Kí ni mi ò ṣe dáadáa? Ẹ sọ fún mi, màá tún un ṣe.”

“Ṣé èmi mọ gìtá ni? Mi ò lè sọ ọ́. Mo kàn mọ̀ pé kì í ṣe òun.”

Mo pa ohun tí mo gbà sílẹ̀ rẹ́. Mo kọ̀wé sí àlejò náà pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi, kó má retí mi mọ́. Èsì tó fún mi kún fún ọ̀wọ̀, mi ò lè kà á tán.

Lónìí, Màmá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di ojú. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bọ́ bàtà kí n tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kí n má baà dí i lọ́wọ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, Papa. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí, mi ò mí sókè, mo tẹ́tí. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò sì mọ̀ bóyá òun ń gbọ́ ohùn gìtá yín, n kò sì ní ìgboyà láti bi í.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ bi léèrè bóyá ebi ń pa á.