Iná Wọ Pápá Àwọn Ẹlẹ́nu-Ata

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejì
Ìbọn láti àárọ̀. Èmi àti Bùọ̀dá Ìbọn, àbúrò ìyá mi, là ń lé ẹyẹ kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Etí mi ṣì ń hó.

Àwọn ẹyẹ Ẹlẹ́nu-Ata ò tiẹ̀ kà wá sí. Wọn ò ju àtàǹpàkò mi lọ: ìyẹ́ bí eruku, àgógó ẹnu pupa fòò, ìlà pupa gba ojú kọjá. Wọ́n dìrọ̀ mọ́ orí koríko, wọ́n ń ṣa èso rẹ̀ jẹ, ìrù ń jù sọ́tùn-ún, sósì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Mo rí ìtẹ́ wọn nísàlẹ̀ koríko — roboto, ẹnu ọ̀nà tín-ín-rín. Wọ́n tún kọ́ òfìfo kan lé e lórí kí olè lè ṣìnà. Ọgbọ́n burúkú! Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ tí àṣá já wálẹ̀, ó gbé akọ lọ. Ìyẹ́ nìkan ló kù.

Ọjọ́rú, 4
Àṣá kan kó sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ balẹ̀ tèéfín-tèéfín, ẹ̀jẹ̀ lára irin. Ọ̀gá wa ń jágbe: àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ ló ń pe àṣá wá, ká dáná sun koríko lọ́la. Bùọ̀dá ní afẹ́fẹ́ ti le jù. Ọ̀gá fọ́ ọ létí. Ẹni tó tó bí i lọ́mọ! Ẹ̀jẹ̀ ń kán nímú Bùọ̀dá.

Ọjọ́bọ̀, 5
A dáná sun koríko náà. Afẹ́fẹ́ yí padà, iná sì ká Ọ̀gá mọ́. Ẹlẹ́nu-Ata kan fò jáde, iná lápá, ó já lulẹ̀. Ọ̀gá ń ké. Mo fẹ́ sáré wọ inú iná — Bùọ̀dá gbá ọwọ́ mi mú gírígírí.
“Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó jóná.”
Mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Mo bù ú jẹ lọ́wọ́, ó fi mí sílẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ Ọ̀gá mú, mo wọ́ ọ jáde, awọ rẹ̀ bó mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Ọ̀gá kú láàárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Màmá pè. Bùọ̀dá ti rò fún un. Ó ní àbúrò òun ni mo wá ń bù jẹ nítorí ẹni ẹlẹ́ni? Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ọjọ́ Ajé, 16
Òjò. Koríko tútù. Ẹlẹ́nu-Ata mẹ́ta. Akọ kan mú ewé gígùn há ẹnu, ó ń fò sókè-sódò níwájú abo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Àwọn ọlọ́pàá wá síbi iṣẹ́. Wọ́n ní ṣé ẹnikẹ́ni dá mi dúró nígbà tí mo fẹ́ yọ Ọ̀gá nínú iná. Bùọ̀dá jókòó tì mí. Mo ní rárá. Wọ́n tún bi mí. Rárá.
“Má parọ́ nítorí mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.” Bùọ̀dá kọjú sí àwọn ọlọ́pàá. “Èmi ni mo di ọmọ yìí mú. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, màá tún dì í mú.”
Wọ́n ti mú un lọ.
Mi ò tíì pe Màmá.