Pẹlẹbẹ Méjì Tí Kì í Gbàgbé

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Karùn-ún, 2023

Owó tí Kọ́kọ́rọ́ fún mi: léfà 900.
Pẹlẹbẹ ìrántí méjì, àlòkù, láti Plovdiv: 620.
Bọ́ọ̀sì, àlọ àti àbọ̀: 14.
Okùn iná tuntun: 22.
Ó kù: 244. Mo dá a padà fún un. (Bánítsà tí mo jẹ ní ibùdókọ̀, 3.20, àpò ara mi ló ti jáde.)

Kọ́kọ́rọ́ ni Ognyan, ọ̀gá wa, nítorí ìbàdí rẹ̀ ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ìsè rósì, níbi tí a ti ń se òdòdó di òróró, so mọ́. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ dùn.

Ìrántí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò, bí iná bá ti lọ, ó ti gbàgbé. Àwọn méjì yìí kì í gbàgbé. Owó tuntun wọn ju agbára wa lọ. Mo ti ń dán wọn wò nílé láti ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí àlòkù ni wọ́n, bí a bá sì ṣe ń kọ nǹkan sí wọn tó ni wọ́n ṣe ń gbó tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Karùn-ún

Mo ti tò ó. Àpótí kọ̀ǹpútà ńlá kan ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀rọ mẹ́ta ló ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé mẹ́ta nínú ilé kan: ẹ̀rọ ìwọ̀n tó ń tọ́jú iye kílò kálukú, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ooru ìkòkò ìsè, ẹ̀rọ ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ni mo fún ní pẹlẹbẹ méjèèjì. Lọ́dún tó kọjá, tí iná bá lọ, ogún ìṣẹ́jú ló ń lò kó tó padà bọ̀ sípò, àwọn akóródó, àwọn tó ń já òdòdó wá, á dúró, òdòdó á máa rọ nínú àpò.

Ìlànà tí mo kọ nílé fún ìdánwò, àwọn ìlà àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, ni mo dà kọ síbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ tún un kọ fún?

Ìdánwò: mo kọ 12,345 sínú rẹ̀, mo pa ẹ̀rọ ìwọ̀n, mo tún jí i. Ẹ̀ẹ̀méje. Ẹ̀ẹ̀méje ló rántí. Mo fẹ́ yọ okùn iná àpótí ńlá fúnra rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n wọ́n ń dán ìkòkò wò, Kọ́kọ́rọ́ ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa nǹkankan. Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù Karùn-ún

Ìwé rìsíìtì Rusalina: 4.20 ọ̀kan. Méjìlá ní ìgbà ìkórè kan: 50.40. Mo sọ fún Kọ́kọ́rọ́ pé a kò nílò wọn mọ́.

Èmi àti Rusalina jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé. Ọdún kọkàndínlógún tó ti ń wọn òdòdó nìyí. Ó máa ń pe ìwọ̀n sókè, ẹni tó kó o á pè é tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́, á fa ẹ̀dà kan ya fún un. Ó bẹ̀ mí pé kí n fi ìwé ẹyọ kan sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ní ẹ̀rọ yìí kì í gbàgbé. Ó wò mí títí.

"Tsanko, mo mọ̀ ẹ́ láti kékeré. Owó ìwé lò ń ṣọ́."

Mo ti ìwé náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Karùn-ún

Ìkórè bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Ìrì púpọ̀. Kílò 212.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù Karùn-ún

Mo tẹ orúkọ àti ìwọ̀n jáde lórí bébà, wọ́n san owó fún àwọn akóródó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, léfà kan ààbọ̀ fún kílò kan. Kò sí àríyànjiyàn. Iná lọ ní Ọjọ́rú, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bátìrì kékeré ìdí àpótí ńlá gbé e dúró. Kọ́kọ́rọ́ gbá mi lẹ́yìn. Ó ní orí mi pé.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Kẹfà

Ìjì. Iná lọ wákàtí mẹ́rin. Bátìrì kú. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ ooru dára, ẹ̀rọ ọ́fíìsì dára, orí díìsìkì ni ìwé tiwọn wà. Mo ṣí ẹ̀rọ ìwọ̀n.

Òfo. Kò sí orúkọ ẹnì kan.

Òwúrọ̀ márùn-ún ti lọ, láti ọjọ́ Àìkú títí di òní.

Mo ti rí i. Ìlà kẹrìndínlógún nínú ìlànà. Àpótí ńlá ń béèrè: ohun tí ayálégbé yìí bá kọ, ṣé kí n kọ ọ́ dé orí pẹlẹbẹ? Ìdáhùn: rárá. Èmi ni mo kọ "rárá" nílé, kí pẹlẹbẹ má baà gbó, mo sì dà á kọ síbí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí Rusalina ń tẹ̀, inú ìrántí lásán ló ń lọ. Pẹlẹbẹ olówó 620 kò tọ́ nǹkankan wò rí.

Ìgbà méje tí mo sì jí i — àpótí ńlá kò kú nígbà kankan. Oorun ni ẹ̀rọ náà sùn. Ta ni kì í rántí orúkọ ara rẹ̀ tó bá jí lójú oorun?

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù Kẹfà

Kọ́kọ́rọ́ pe gbogbo wa sídìí ìwọ̀n. Ó bi mí níwájú gbogbo wọn bóyá ẹ̀rọ náà lè gbàgbé.

Mo ní, "Kò yẹ kó gbàgbé."

Irọ́ kọ́. Òtítọ́ kọ́.

Ó kọjú sí Rusalina. Ó ní ó dáa, ìka rẹ ló pa á rẹ́ nìyẹn. Ojú ti ń ṣú ẹ, o ò sì jẹ́wọ́. Lọ máa bá ewúrẹ́ rẹ ṣeré nílé. Rusalina kò wò ó. Èmi ló wò. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé orí ìwọ̀n, ó lọ.

Kílò 0.3. Mo rí i níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Kẹfà

Ìkòkò mẹ́fà ló kún láàárín ọjọ́ márùn-ún náà, kílò 300 ọ̀kọ̀ọ̀kan: 1,800. Kọ́kọ́rọ́ pín in sí mẹ́sàn-án dọ́gbadọ́gba. 200 fún kálukú, léfà 300.

Sevda ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú wọn. Kò fọwọ́ kan owó náà. Ó ka tirẹ̀ sókè bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ: "Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Méjìléláàádọ́ta. Mẹ́rìnlélógójì. Méjìdínlọ́gọ́ta. Mọ́kàndínláàádọ́ta." Mo ti rò ó pọ̀ kó tó parí. 250.

Kọ́kọ́rọ́ ní ẹnikẹ́ni lè ka nọ́ńbà.

"Ọ̀gá, ẹ bi mí ní ti èṣí, màá kà á fún yín."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó gba 300 náà níkẹyìn. Ọmọ rẹ̀ ń dúró de bàtà.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Kẹfà

Ẹ̀wà àná ni mo jẹ. Mo fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Kẹfà

Ọjọ́ kejì tí mò ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Mò ń bi kálukú ní ìwọ̀n ọjọ́ márùn-ún rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan má gbọ́ ti ẹnì kejì. Mo sọ fún wọn pé ìwé ni mò ń tún ṣe. Gbogbo wọn ló rántí. Rusalina pè é, àwọn náà pè é. Ẹnu tó pe nǹkan sókè kì í tètè sọ ọ́ nù.

Bàbá Asparuh, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ní 121 ni tàwọn. Mo rán wọn létí pé 200 ni wọ́n sanwó rẹ̀ fún wọn.

"Mo mọ̀. Ìwọ̀n lo béèrè, ọmọ mi. O ò béèrè owó."

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kẹfà

Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 1,807. Ìkòkò ní 1,800. Kílò méje yẹn, ìrì tó gbẹ ni.

Èèyàn mẹ́sàn-án, kò sí òpùrọ́ kan. Èmi nìkan.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹfà

Mo sọ fún Kọ́kọ́rọ́. Gbogbo rẹ̀: ìlà kẹrìndínlógún, 1,807. Ó bu rakíyà fún mi. Ó bi mí bóyá mo ti tún un ṣe. Mo ní lọ́la. Ó ní ó tó bẹ́ẹ̀. Mo ní Rusalina ńkọ́?

"Tí mo bá lé èèyàn lónìí tí mo pè é padà lọ́la, ta ló máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́? Mu ọtí ẹ, Tsanko."

Mo mu ún.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kẹfà

Mo yí "rárá" padà sí "bẹ́ẹ̀ ni". Ìṣẹ́jú kan péré. Mo kọ 250 sínú rẹ̀, mo fọwọ́ ara mi yọ okùn iná àpótí ńlá. Mo ka ọgọ́rùn-ún. Mo dá a padà.

250.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Kẹfà

Owó igi ìdáná òtútù tí mo ti fi pamọ́: 400. Akóródó márùn-ún ni wọ́n san owó wọn kù, kílò 154 lápapọ̀: léfà 231. Mo pín in fún wọn. Ó kù: 169. Bàbá Asparuh fẹ́ dá àlékún tiwọn padà, mo kọ̀.

Sevda ka 75 tirẹ̀. Ó bi mí ta ló ń san án, ṣé ọ̀gá ni. Mo ní èmi ni. Ó ká owó náà sápò, ó ti mọ ìdí rẹ̀.

"Ẹ ti san tiwa. Ta ló máa san ti Rusalina?"

Ọjọ́rú, 14 oṣù Kẹfà

Ìkórè parí. Mo gbé 169 lọ sílé Rusalina, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní èyí tó kù ń bọ̀. Kò pariwo. Ó ń fún wàrà ewúrẹ́ lọ́wọ́, kò dá a dúró.

Ó ní, "Níwájú èèyàn mẹ́sàn-án ni Kọ́kọ́rọ́ ti bú mi. Ọ̀la ni ọkọ̀ ń kó wọn lọ síbi ìkórè èso ṣẹ́rì. Lọ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbéra. Lẹ́yìn náà, gbé owó ẹ wá."

Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Kẹfà

Mo débẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ń dún ní ìbàdí rẹ̀. Gbogbo wọn ti jókòó, Sevda ń wò mí lẹ́nu. Mo ya ẹnu.

Mo ní ó dìgbà.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Kẹfà

Mo rí Rusalina ní ilé ìtajà. Ó ti gbọ́ ohun tí mo sọ àti èyí tí n kò sọ. Ó ra iyọ̀, 1.10, ó lọ.

Owó iṣẹ́ Rusalina láti 3 sí 14 oṣù Kẹfà, ọjọ́ méjìlá, léfà 48 lójúmọ́: 576.
Mo ní: 169.
Ó gbà: òdo.
Gbèsè: 576, àti gbólóhùn kan tó yẹ kí èèyàn mẹ́sàn-án gbọ́. Oko ṣẹ́rì mẹ́ta ni wọ́n ti pín wọn sí báyìí, n kò sì mọ iye tí bọ́ọ̀sì yóò gbà dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.