Ẹ̀pà Tó Bu Ló Pa Bàbá

Màámi,

Ara mi le, òtútù ibí ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ má tíì bi mí ìgbà tí mo máa wálé.

Inú ń bí mi. Wòlíì ní Àǹtí Rachel, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ló fi àjẹ́ pa wọ́n, ẹ wá lé wọn lọ sí Mamu! Dókítà ní ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ̀pà tó bu tí Bàbá ń jẹ ló bà á jẹ́. Ohun tó ń hù lára ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ mi níbí: àbùdá kan (ohun àjogúnbá tí òyìnbó ń pè ní gene) nínú rẹ̀ ló ń pàṣẹ kó po májèlé, kó sì tú irúgbìn. Mo pa àbùdá náà lẹ́nu mọ́, kò lè ṣe ọ̀kankan mọ́. Àjẹ́ dà?

Ẹ kí wọn nílé. Ẹ kúnlẹ̀ kí Àǹtí Rachel.

Ọláyẹmí